Ìkòkò Tó Dojú Dé

Ọkùnrin kan wà, ìyàwó wa, tó ń pọn omi fún àwọn tí kò mọ orúkọ wọn. Fa àpótí yẹn mọ́ra, kí o jókòó. Mi ò pè ọ́ láti bá ọ wí. Kò sí ẹni tó ní ẹnu láti bá ọ wí nínú ilé yìí, èmi gan-an ò ní in.

Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ tó ti ìdálẹ̀ dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, bá ọ níbi tí o ti ń wẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wò ọ́ títí, ó wá ní, "Ìyàwó, àdúrà màmá lo ń tọ̀ lẹ́yìn, kì í ṣe màmá. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n ń tọrọ ọmọ fún ọ ni, ṣé wàá máa ṣe gbogbo èyí?" O wọ yàrá lọ, o yẹ inú ara rẹ wò, o sì rí i pé nǹkan kan wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ọdún keje rèé tí o ti wọlé wa, a kò tíì gbọ́ igbe ọmọ tuntun. Ó ti di ọdún méjì tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá ẹ̀gbọ́n mi, ìyá ọkọ rẹ, dùbúlẹ̀. Láti ìgbà náà, kò tíì sí ọjọ́ kan tí o wẹ̀ fún un tí kò gbé ọwọ́ kan tó ṣẹ́ kù fún un lé ọ lórí, kó sì súre ọmọ fún ọ. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún ìyàwó mi lánàá pé o máa ń retí rẹ̀. O ní bí o bá ti ń bu omi sí i lẹ́yìn, etí rẹ á ti máa dúró de ìre yẹn. O ní o kò fẹ́ fi ìyá ẹni ẹlẹ́ni ṣòwò mọ́. O sì bẹ obìnrin kan ní ìsàlẹ̀ ọjà pé kó máa wá wẹ̀ fún un dípò rẹ.

Òní ló di ọjọ́ kẹta. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí obìnrin yẹn fọwọ́ kan òun. Ó kọjú sí ògiri láti àárọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ránṣẹ́ pè ọ́. Mi ò ní sọ fún ọ pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọ. Ìtàn ọkùnrin olómi yẹn ni mo fẹ́ kí o gbọ́. Lẹ́yìn náà, ohun tó bá tọ́ lójú rẹ ni kí o ṣe.

Agbọ̀n ni ọkùnrin náà ń hun jẹun. Ilé rẹ̀ nìkan ló wà lórí òkè kan, ní agbedeméjì ìlú méjì. Ẹni tó bá kúrò ní ìlú kan láàárọ̀, òòrùn á ti mú un kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìdajì ọ̀nà á sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kù. Kò sí odò lójú ọ̀nà. Ìsun kan ṣoṣo ló wà, ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́yìn ilé ọkùnrin yìí ló sì wà. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ kò lè rí i.

Ní ọdún kan, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó rí àjòjì kan tó ń lá ètè lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó fún un lómi mu. Nígbà tí àjòjì náà lọ tán, kò lè hun agbọ̀n mọ́. Ó ń rò ó pé àwọn mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ìkòkò ńlá kan síta, ó gbé e ka orí òkúta mẹ́ta lábẹ́ igi odán, ó fi pákó bò ó, ó sì so ife onípáànù kan mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, yóò ti sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsun lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú garawa lórí, títí ìkòkò yóò fi kún. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ọkùnrin yìí fẹ́ràn kí wọ́n máa kí òun. Abẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀ ló máa ń jókòó sí hun agbọ̀n, níbi tí etí rẹ̀ ti lè gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ nídìí ìkòkò. Bí ẹnì kan bá mu omi tán, tó mí kanlẹ̀, tó wá ní, "Bàbá olómi, ẹ kú iṣẹ́ o! Omi ayé yín kò ní í gbẹ," orí rẹ̀ á wú. Á dáhùn pé, "Àmín o, ẹ rìn ire." Bí ẹnì kan bá mu omi tó sì kọjá láìkí i, á fi ojú sìn ín dé kọ́nà, á kùn díẹ̀. Èèyàn ni.

Ọ̀mọ̀wé kan wá ń kọjá lọ́jọ́ kan. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Irú àwọn tó jẹ́ pé bí o bá fún wọn ní ọsàn, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè igi tó ti wá ni. Ó mu omi, ó jókòó, ó sì béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà pé, "Kí ló dé tí ẹ fi ń ṣe èyí?"

Ọkùnrin náà ní, "Àánú àwọn èrò ọ̀nà ló ń ṣe mí."

Ọ̀mọ̀wé rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Àánú ló ń ṣe yín. Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ yín, tí ẹ mu omi, ṣé a ó kí yín kú oore? Ara yín lẹ wá ìtura fún. Bí àánú náà bá ń ṣe yín, tí ẹ pọn omi kí ó lè fi yín sílẹ̀, ara yín náà lẹ ṣe é fún. Ká má tíì sọ ti ìkíni tó máa ń dùn mọ́ yín. Bàbá, bí kò bá sí ẹni tí yóò kí yín láéláé, tí inú yín kò sì ní í dùn rárá, ṣé ẹ ó tún pọn ọ́n?"

Ọkùnrin náà gbé agbọ̀n tó ń hun kalẹ̀. Ọ̀mọ̀wé dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mo kàn ń béèrè ni." Ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó ń kàn béèrè yìí, àwọn ni wọ́n máa ń sùn dáadáa lálẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin yìí kò ti ní ìsinmi mọ́. Ó ní òun fẹ́ ṣe rere tí kò ní èérí kankan nínú. Ó kọ́kọ́ gbé àpótí rẹ̀ kúrò ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kó má baà gbọ́ ìkíni mọ́. Ṣùgbọ́n ògiri kò dí etí rẹ̀. Bí ó bá gbọ́ ìró ife nídìí ìkòkò, á dá ọwọ́ dúró, á na ọrùn.

Ó wá sọ fún àwọn èrò pé kí wọ́n má kí òun mọ́. Ó bẹ̀ wọ́n ni. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i bí bàbá yìí ṣe nírẹ̀lẹ̀!" Bí wọ́n ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀, wọ́n wá fi kún un. Èyí tó tilẹ̀ dùn ún jù ni pé nígbà tí wọ́n pè é ní onírẹ̀lẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀ bí ẹni tó jí ẹran nínú ọbẹ̀.

Ó tún gbìyànjú láti máa pọn omi láìfẹ́. Á fajú ro, á máa kùn lọ, á máa kùn bọ̀, bí ẹni tí wọ́n fi ìyà iṣẹ́ jẹ. Ó rò pé bí kò bá dùn mọ́ òun, á jẹ́ pé kì í ṣe tìtorí ara òun ni. Kò ṣiṣẹ́. Ọmọdé kan mu omi níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, omi ń dún lọ́fun ọmọ náà, gbùlù, gbùlù. Adùn náà sì tún yọ́ wọ inú àyà rẹ̀ láìgbàṣẹ.

Nígbà náà ni ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ọ̀mọ̀wé borí. Ara mi ni mo ń ṣe é fún láti ọdún mọ́kànlá. Mi ò ní pọn omi mọ́ títí ọkàn mi yóò fi mọ́." Ó jáde lọ sídìí igi odán. Ó da omi tó kù nínú ìkòkò sídìí igi, ó sì da ojú ìkòkò dé kí eruku má baà wọ inú rẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń yẹ ọkàn rẹ̀ wò.

Ìyàwó wa, ibí ni kí o ti fetí sílẹ̀. Ní gbogbo àgbègbè yẹn, ìkòkò omi ẹnu ọ̀nà kì í dojú dé bí ẹni tó ń pọn ọ́n bá wà láàyè. Bí omi rẹ̀ bá tán, wọ́n á fi í sílẹ̀ ní ìdúró bẹ́ẹ̀, kí àlejò mọ̀ pé omi ṣì ń bọ̀. Ọjọ́ tí olómi bá kú ni àwọn ẹbí rẹ̀ ń da ojú ìkòkò rẹ̀ dé. Ẹni tó bá rí i á ṣí fìlà, á rọra kọjá. Kì í kan ilẹ̀kùn, nítorí àlejò kọ́ ló ń kọ́kọ́ wọ ilé òkú. Kékeré ni ọkùnrin yìí ti mọ àṣà náà. Ṣùgbọ́n ọkàn ara rẹ̀ ló ń wò lọ́jọ́ náà, kò rántí.

Àwọn èrò ń bọ̀, wọ́n ń rí ìkòkò, wọ́n ń ṣí fìlà, wọ́n ń kọjá pẹ̀lú òǹgbẹ lọ́fun. Òun wà lẹ́yìnkùlé, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ wò ó, wọn kò tilẹ̀ béèrè mi. Omi ni wọ́n ń kí, kì í ṣe èmi." Ìyẹn náà tún bà á nínú jẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá arúgbó kan dé orí òkè. Ewé ni ó ń já tà, èyí tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti ń gba ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún. Kì í gbé omi dání, nítorí ẹrù ewé ti tó o gbé, ó sì mọ̀ pé ìkòkò wà. Láti ìsàlẹ̀ òkè ló ti ń bá ara rẹ̀ sọ pé, "Ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀, mo ti fẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ bàbá olómi."

Ó dé abẹ́ igi odán. Ó rí ìkòkò.

Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Kò ṣe bí àwọn yòókù, kò kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ lè gbé e kọjá mọ́. Ó jókòó sórí ilẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ìkòkò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ń sọ ọ́ pé, "Háà, ọmọ èèyàn rere! O lọ, mi ò mọ̀. Mi ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ tí mo lè fi pè ọ́. Sùn re o, olómi. Ilẹ̀ á tù ọ́ lára bí o ṣe tu ará ọ̀nà lára."

Ọkùnrin náà gbọ́ ẹkún láti ẹ̀yìnkùlé. Ó dìde, ó wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ìyá gbójú sókè, tó rí i tó ń bọ̀, ó figbe ta. Ó ní, "Yéè! Ṣé òkú ni àbí ààyè?"

Ó ní, "Ààyè ni, ìyá. Kí ló ṣe yín?"

Ìyá na ọwọ́ sí ìkòkò. Ojú rẹ̀ yí, ó sì rọra dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù ewé rẹ̀, bí ẹni pé oorun ló gbé e lọ.

Ọkùnrin náà sáré wọlé. Kò sí omi. Ọjọ́ méjì ni kò ti lọ sí ìsun. Ó gbé garawa, ó sì sáré gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn sọ̀kalẹ̀, òun tó jẹ́ pé ó máa ń fi ọ̀pá rọra sọ̀ ọ́ ni. Òkúta gé e lẹ́sẹ̀, kò wò ó. Nígbà tó padà dé òkè, ìdajì omi náà ti dànù sí i lára. Ó kúnlẹ̀, ó gbé orí ìyá lé itan, ó ń fi ìka kán omi sí i létè. Ó ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Ìyá, ẹ má lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Omi ti dé. Ẹ lá a." Omijé ti gba ojú rẹ̀, kò mọ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀. Ètè ìyá mì. Ó lá ẹ̀kán kan, ó lá èkejì. Ó la ojú. Ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó mu ún tán, ó tún na ife náà sí i pé kó bu sí i.

Nígbà tí ara ìyá balẹ̀, ó bi ọkùnrin náà pé ta ló da ìkòkò alààyè dé. Ọkùnrin náà sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó sọ ti ọ̀mọ̀wé àti ti adùn tí kò jẹ́ kí òun mọ́. Ìyá ń gbọ́, ó ń mi orí. Ọkùnrin náà wá béèrè ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà tó ti gbọ́ ẹkún. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Nígbà tí ẹ ń sunkún lẹ́ẹ̀kan, ṣé ẹkún mi lẹ ń sun, àbí ti omi?"

Ìyá wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí eyín kò pé lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Méjèèjì ni, ọmọ mi. Ìwọ ni, omi ni. Ṣé wọ́n ṣeé yà ni? Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi kú, mo sunkún rẹ̀, mo sì sunkún igi ìdáná tó máa ń là fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, tí mo gbé àáké tí mi ò lè là á, igbe tí mo ké lọ́jọ́ yẹn ju ti ọjọ́ ìsìnkú lọ. Ṣé a ó wá sọ pé mi ò fẹ́ràn rẹ̀, pé igi ni mo fẹ́? Ta ló sọ fún ọ pé ìfẹ́ kì í jẹun?"

Lẹ́yìn náà ó ní, "Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Èmi tó ń ta ewé tí wọ́n fi ń pọ́n ọn, mi ò tíì rí ẹni tó dá ẹ̀kọ padà pé ẹ̀yìn ìkòkò dúdú. Bá mi gbé ẹrù mi rù mí, ilẹ̀ ń ṣú lọ."

Ọkùnrin náà kò jẹ́ kó ru ẹrù náà. Òun ló gbé e dé ìsàlẹ̀ òkè. Ìgbà tó ń padà bọ̀ nìkan, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, ló tó rántí pé òun kò yẹ ọkàn òun wò nígbà tí òun ń sáré lọ sí ìsun. Kò mọ̀ bóyá ó mọ́ nígbà náà tàbí kò mọ́. Kò ráyè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìkòkò ti wà ní ìdúró, ó sì kún. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọ̀mọ̀wé náà tún kọjá. Ó bi ọkùnrin náà bóyá ó ti rí èsì sí ìbéèrè òun. Ọkùnrin náà ní, "Mi ò rí i. Ẹ mu omi." Ọ̀mọ̀wé mu omi, ó mí kanlẹ̀, ó sì kí i. Orí ọkùnrin náà wú. Ó ní, "Àmín o, ẹ rìn ire."

Ìtàn náà parí. Ó ku tìwa.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé yẹn fún ìgbà pípẹ́, nítorí olùkọ́ lèmi náà tẹ́lẹ̀, mo mọ bí ọ̀rọ̀ tó mú bí abẹ ṣe máa ń dùn lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́. Òótọ́ ló sọ pé àánú ń ṣe ọkùnrin náà bí òǹgbẹ ṣe ń gbẹ èèyàn. Ohun tí kò béèrè ni pé òǹgbẹ ta ni. Ọ̀fun ọkùnrin náà tutù. Òǹgbẹ èrò ọ̀nà ló wá gbẹ ẹ́. Ẹni tí òǹgbẹ ọmọlákejì lè gbẹ, kí la fẹ́ kó tún dà kí a tó pè é ní èèyàn rere?

Ìwọ náà wo ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi gún ọ. Ohun tó ń sọ ni pé ìmọtara-ẹni-nìkan lo fi ń wẹ̀ fún màmá. Àwọn tó dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ kò gọ̀. Wọn kò dúró síbi ìmọtara-ẹni. Wọ́n mọ̀ pé kò sí ẹni tí kò mọ tara rẹ̀, àfi òkú. Wọ́n fi ìrù kan sí i: nìkan. Ìrù yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí ìkíni fi ń dùn mọ́ ọkùnrin olómi, ó mọ tara rẹ̀, ó sì mọ ti èrò ọ̀nà. Ọjọ́ tó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé láti fọ ọkàn rẹ̀ mọ́ ló wá mọ tara rẹ̀ nìkan, ìyá arúgbó kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí i lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyàwó wa, ọjọ́ kẹta rèé tí ìwọ náà ti da ojú ìkòkò rẹ dé.

Mo mọ̀ pé o kò ní in lọ́kàn láti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. O fẹ́ kí ọwọ́ rẹ mọ́ kí o tó fi kan ìyá, mo sì fẹ́ràn rẹ sí i nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ìyẹn ni ọwọ́ fi ń mọ́. O fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tù ú lára, ó fi ọwọ́ kan tó ṣẹ́ kù súre fún ọ. Kí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí níbẹ̀ tó jẹ́ èérí? Nǹkan méjì péré ni ẹ̀gbọ́n mi ṣì lè fún èèyàn láyé yìí, ìre yẹn àti ẹ̀rín rẹ̀ tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ń kó o fún ọ lójoojúmọ́. Bí o bá kọ̀ ọ́ pé o kò fẹ́ jẹ èrè, kí ló kù tí òun náà yóò máa fún èèyàn? O ti sọ ọ́ di ẹni tó ń gba nǹkan nìkan. Mo rò pé ìdí nìyẹn tó fi kọjú sí ògiri.

Èmi náà, má rò pé mo mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun ló pọ̀n mí. Èmi ọkùnrin kò lè wẹ̀ fún un, mo sì fẹ́ kó wẹ̀. Mo fẹ́ kó kú ní èèyàn, kì í ṣe ẹni tó ń rùn lórí ẹní. Ìtàn tí mo pa fún ọ yìí, tara mi wà nínú rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ọ kí o má baà lọ rí i fúnra rẹ lọ́la, kí o wá sọ pé bàbá tàn ọ́.

Mi ò mọ̀ bóyá ọmọ á dé. Mi ò ní fi ìyẹn tàn ọ́. Mò ń bá ọ retí rẹ̀, mo sì máa ń bá ọ sunkún rẹ̀ nígbà mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o kò mọ̀. Bó dé, bí kò dé, ọmọ wa ni ọ́.

Nu ojú rẹ. Mo ti ní kí wọ́n gbé omi kaná kí n tó pè ọ́, ó ti yẹ kó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ báyìí. Lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnu rẹ̀ tó wọ́ yìí, ìwọ nìkan lo ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń sọ. Wẹ̀ fún un bí o ṣe máa ń ṣe é. Bí ó bá sì gbé ọwọ́ lé ọ lórí, má ṣe ojú bí ẹni tí kò gbọ́. Ṣe àmín. Ṣe é sókè, kí òun náà gbọ́.